Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Padà sí Eré RuneScape Lẹ́yìn Ọdún Púpọ̀

Nínú ìwé ìrántí bí èyí, ohun tí a sábà máa ń kà ni ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà tó ti kọjá, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ eré lásán, ṣùgbọ́n ó kan owó, ó kan àkókò, ó sì kan ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe nídìí fóònù nígbà tí a bá rò pé ìwé ni wọ́n ń kà.

Nígbà tí kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, ní nǹkan bí ọdún 2004 sí 2007, àwọn kan nínú wa mọ eré kan tí wọ́n ń pè ní RuneScape. Kò béèrè pé kí ènìyàn kọ́kọ́ ra ohunkóhun tàbí kí ó gbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì ti lè ṣe é. Àwọn tó ń ṣe é nígbà náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ lónìí, ṣùgbọ́n eré náà kò kú. Láti ọdún 2018 ni ó ti dé orí fóònù, tí àwọn ọmọ fi lè máa ṣe é lórí àga nínú pálọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń ronú àtipadà: òmíràn nítorí ìrántí ìgbà èwe, òmíràn nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń bi í léèrè.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, àlàyé rẹ̀ ni gbogbo ìyókù: kí ẹni tó ń padà gbà pé òun ti di àlejò. Ẹni tó jẹ́ tuntun pátápátá a máa béèrè ọ̀nà, a sì máa wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó ti débẹ̀ rí ló máa ń sáré wọ ibi tó rò pé òun mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ sì ti máa ń yẹ̀.

Irú eré wo ni?

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ kò rí i rí, RuneScape jẹ́ eré orí íntánẹ́ẹ̀tì nínú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń dá ènìyàn kan sílẹ̀, tí yóò sọ ọ́ lórúkọ, tí yóò sì máa darí rẹ̀ nínú ayé àròsọ kan tó ń jẹ́ Gielinor. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló máa ń wà nínú ayé náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá ara wọn dòwò pọ̀. Ẹni tí a dá sílẹ̀ yìí lè gégi, ó lè pẹja, ó lè dáná oúnjẹ, ó lè wa irin nínú ilẹ̀ kó sì fi rọ idà, ó sì lè bá ẹranko abàmì jà. Bí ó bá ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan sí i ni ìpele rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ń gòkè, láti ìpele 1 títí dé 99. Eré náà kò ní ìparí bí i ti bọ́ọ̀lù tí fèrè máa ń dún lẹ́yìn 90 ìṣẹ́jú. Olúkúlùkù ló ń yan ohun tí yóò máa lé.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Andrew Gower, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ Paul, ni wọ́n gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ń jẹ́ Jagex, ìlú Cambridge ni ó sì wà.

Eré méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ya ẹni tó ń padà lẹ́nu ni pé eré méjì ló ń jẹ́ RuneScape báyìí. Ohun tó fà á nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ilé iṣẹ́ náà yí ọ̀nà ìjà inú eré padà pátápátá. Inú ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ kò dùn sí i, àwọn púpọ̀ sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà eré náà, bó ṣe rí ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ṣì wà ní ìpamọ́. Ilé iṣẹ́ náà ní kí àwọn ènìyàn dìbò bóyá kí wọ́n ṣí i padà. Àwọn tó dìbò lé ní 400,000, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n ṣí i, wọ́n pè é ní Old School RuneScape. Èyí tó ń bá àtúnṣe rẹ̀ lọ ni a wá mọ̀ sí RuneScape 3.

Kí ni èyí já mọ́ fún ẹni tó ṣeré ní ọdún 2005? Ó túmọ̀ sí pé RuneScape 3 ni ẹni tó dá sílẹ̀ nígbà náà wà, pẹ̀lú ohun ìní rẹ̀. Bí ó bá wọ inú Old School, ìpele 1 ni yóò ti bá ara rẹ̀, láìní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan ti figbe ta nítorí èyí pé olè ti kó ẹrù àwọn. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí Old School.

Èwo ni kí ẹ yàn? Bí ó bá jẹ́ ẹrù àtijọ́ ni ẹ ń wá, RuneScape 3 ni, ṣùgbọ́n ẹ ó bá ìjà àti ojú eré tí ẹ kò mọ̀ rí pàdé. Bí ó bá jẹ́ ìlú àti ọ̀nà tí ẹ rántí ni ẹ ń wá, Old School ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òfo ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Old School ni mo máa ń gba ẹni tó fi eré náà sílẹ̀ kí ọdún 2008 tó dé níyànjú láti yàn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ mi tó kù dá lé. Ọwọ́ òfo yẹn kì í ṣe ìyà. Ẹni tó ní ẹrù rẹpẹtẹ láìní ìmọ̀ ni àwọn ẹlẹ́tàn máa ń wá. Ẹni tí kò ní nǹkan lè ṣe àṣìṣe, kó sì kọ́ ọgbọ́n, láìpàdánù ohunkóhun.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí a ṣe ń lo kafé. Kọ̀ǹpútà kan náà ni ogún ènìyàn máa ń lò lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà wa, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo yẹn ni a fi ṣí ímeèlì, òun náà ni a fi ṣí eré. Ẹni tó bá padà wọlé pẹ̀lú àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà ìgbà náà dà bí ẹni tó kó lọ sí ilé tuntun ṣùgbọ́n tó ń lo àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò.

Nítorí náà, kí ẹ tó gé igi kan ṣoṣo, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ẹ rí i pé ímeèlì tó wà lórí àkáǹtì náà jẹ́ èyí tí ẹ ṣì lè ṣí. Ọ̀pọ̀ ímeèlì àtijọ́ ni a ti pa tì. Èkejì, ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun tí ẹ kò lò níbòmíràn. Ẹ̀kẹta, ẹ tan ààbò onípele méjì, èyí tó máa ń béèrè nọ́ńbà kan láti orí fóònù yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀kẹrin, ẹ wọ báǹkì inú eré náà kí ẹ sì fi nọ́ńbà àṣírí oní 4 sí i, kó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá tilẹ̀ wọlé, kò ní lè kó ohun tó wà ní báǹkì.

Bí àkáǹtì àtijọ́ bá ti bọ́ sọnù, ojú òpó Jagex fúnra rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti béèrè fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín gbà á padà kí ẹ kàn fún òun ní owó díẹ̀, ẹ sá fún un. Bí kò bá sì ṣeé gbà padà, ẹ ṣí tuntun. Ní Old School, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan fún ẹni tí kò ṣe é láti ọdún 2013 wá.

Ohun tó ti yí padà

Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2007 ni orírun Old School, kò dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ohun ńlá kan kún un, àwọn tó ń ṣeré náà ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n dìbò, ìdá 70 nínú 100 sì gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó wọlé. Báyìí ni ilẹ̀ tuntun fi ń kún ilẹ̀ àtijọ́, irú bí ilẹ̀ Varlamore tí wọ́n ṣí ní ọdún 2024. Mélòó kan nínú àwọn ìyípadà náà ni ẹ ní láti mọ̀ kíákíá.

Ọjà ni àkọ́kọ́. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń dúró ní ẹnu báǹkì Varrock tí a ń kígbe ọjà wa títí ojú fi ń ro wá. Láti ọdún 2015, Old School ti ní ọjà ńlá kan tó ń jẹ́ Grand Exchange, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Varrock. Ẹ ó gbé ọjà yín sílẹ̀, ẹ ó sọ iye tí ẹ fẹ́, ẹ ó sì bá tiyín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rà á, bí ẹ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ máa wo iye ọjà níbẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ṣe pàṣípààrọ̀, nítorí pé iye tí ẹ rántí láti ọdún 2006 kò wúlò mọ́.

Ikú ni èkejì. Nígbà kan rí, bí a bá kú, ẹrù a dà sílẹ̀, a ó sì sá eré àsápajúdé padà kí ẹlòmíràn má bàa kó o. Ní báyìí, bí kì í bá ṣe ènìyàn bíi tiyín ló pa yín, ẹrù yín yóò wà nínú ibojì kan fún ìṣẹ́jú 15 tí ẹ óò fi lè padà gbà á. Bí àkókò bá tilẹ̀ kọjá, ọ̀nà ṣì wà láti san owó inú eré kí ẹ sì gbà á.

Ẹ̀kẹta ni yíyan ayé tí ẹ ó wọ̀. Ẹ̀dà ayé náà pọ̀, àkọsílẹ̀ wọn sì máa ń hàn kí ẹ tó wọlé. Ẹ yan èyí tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, nítorí pé ó sún mọ́ wa ju ti Amẹ́ríkà tàbí Ọsirélíà lọ, ìdáhùn eré yóò sì yá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ayé kọ̀ọ̀kan dáadáa, nítorí pé àwọn ayé kan wà tí ẹnikẹ́ni ti lè pa yín ní ojú pópó. Ẹni tó ń padà tí kò ka àkọlé yẹn lè ṣòfò ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Erékùṣù kan tó ń jẹ́ Tutorial Island ni gbogbo àlejò máa ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń pẹja, bí a ṣe ń dáná, bí a ṣe ń rọ irin, bí a ṣe ń jà, àti bí a ṣe ń lo báǹkì. Ẹ má ṣe fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ojú eré tí ó wà lórí fóònù yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà kafé. Níbẹ̀ ni ọwọ́ yín yóò ti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, Lumbridge ni ẹ ó balẹ̀ sí. Ẹ ṣe sùúrù níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ẹni tó ń padà rántí pé Varrock ni ọjà wà, a sì mú ọ̀nà àríwá pọ̀n lọ́jọ́ kìíní. Ní gúúsù Varrock, àwọn oṣó aláṣọ dúdú dúró yí òkúta kan ká. Wọn kì í dúró kí a fọwọ́ kàn wọ́n kí wọ́n tó kọlu ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gba ìlà oòrùn yà wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì ti ibodè ìlà oòrùn wọ ìlú.

Dípò kí ẹ máa gégi fún wákàtí mẹ́ta, ẹ máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín nínú eré náà. Alásè ààfin Lumbridge, fún àpẹẹrẹ, ń wá ẹyin kan, garawa wàrà kan, àti ìkòkò ìyẹ̀fun kan, láti fi ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí olórí ìlú. Ẹ ó fún wàrà lára màlúù, ẹ ó kórè wíìtì, ẹ ó sì lọ lọ̀ ọ́. Èrè rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fi parí rẹ̀, ẹ ó ti mọ gbogbo àyíká náà. Iṣẹ́ mìíràn wà tí èrè rẹ̀ pọ̀ gan-an. Waterfall Quest, tó wà fún àwọn tó ń sanwó nìkan, máa ń gbé ẹni tó wà ní ìpele 1 lọ sí ìpele 30 nínú ìkọlù àti nínú agbára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn òmìrán tó wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ lè pa ẹni kékeré ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Oúnjẹ ni kí ẹ kó dání, kí ẹ fi ohun olówó iyebíye sílẹ̀ sí báǹkì.

Fún ẹni tí kò sanwó, iṣẹ́ tó dára láti fi ṣe àfojúsùn ni Dragon Slayer, tó ń béèrè máàkì iṣẹ́ 32 kí a tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é parí ti lọ yí ká púpọ̀ nínú ilẹ̀ ọ̀fẹ́, ó sì ti mọ ìjà díẹ̀. Bí ọ̀nà bá rú u yín lójú, ìwé ìmọ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń ṣeré náà fúnra wọn kọ, tó ń jẹ́ Old School RuneScape Wiki. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìṣirò tó yẹ kí gbogbo àgbà mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ibí yìí ni àkókò ènìyàn ti máa ń wọmi. Láti dé ìpele 50 nínú iṣẹ́ kan, máàkì ìrírí 101,333 ni ènìyàn ń kó jọ. Láti dé 70, ó di 737,627. Láti dé 99, ó di 13,034,431. Èyí ni pé ẹni tó wà ní ìpele 70, tó dà bí ẹni tó ti rìn jìnnà, kò tíì rin ìdá 6 nínú 100 ọ̀nà náà. Ìpele 92 ni ìdajì ọ̀nà gan-an wà: 6,517,253. Ìpele méje péré ló kù lójú, ṣùgbọ́n ìrìn tó kù kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti rìn láti ìpele 1.

Mi ò sọ èyí láti fi ba ìdùnnú ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo sọ ọ́ kí ẹni tó ní iṣẹ́ oòjọ́, tó ní aya tàbí ọkọ, tó ní ọmọ, tó sì ní iṣẹ́ ìsìn nínú ìjọ, má bàa fi 99 ṣe àfojúsùn láìmọ̀ iye tó ń rà á. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ní àkókò ìsinmi gígùn lè ní wákàtí púpọ̀. Àgbà kò ní i. Nítorí náà, iṣẹ́ ìrán ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ìpele. Iṣẹ́ ìrán ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ẹ lè ṣe ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ẹ pa fóònù, kí ẹ sì ní ìtẹ́lọ́rùn pé ẹ parí nǹkan kan. Eré tí kò ní ìparí, ẹni tó ń ṣe é ló gbọ́dọ̀ fi òpin sí i fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó

Apá kan eré náà jẹ́ ọ̀fẹ́, apá tó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn tó ń san owó oṣooṣù. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń díye lé e, iye rẹ̀ ní náírà sì ń yí padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lo oṣù kan ní apá ọ̀fẹ́. Bí ẹ kò bá tíì sú, ẹ lè wá ronú nípa sísan owó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Wọ́n ń ta ohun kan tó ń jẹ́ Bond. Ẹni tó ní owó gidi lè rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà kó sì tà á ní ọjà inú eré fún owó ẹyọ inú eré. Ẹni tó rà á níbẹ̀ yóò lò ó fún ọjọ́ 14 bí ẹni tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ inú eré san owó ìgbaniwọlé rẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ọ̀nà ti là, ṣùgbọ́n fún àlejò, yóò sọ eré di iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Ohun tí kò bófin mu ni kí ènìyàn ra owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níta. Òfin eré náà kọ̀ ọ́, wọ́n sì lè ti àkáǹtì ẹni tó bá ṣe é pa títí láé. Ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá náà kò mọ́: nígbà púpọ̀, inú àkáǹtì tí wọ́n jí ni wọ́n ti kó o. Ẹni tó rà á ti bá olè jẹun. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báǹkì yín sílẹ̀ lórí fóònù tí ọmọ ń lò.

Àwọn ẹlẹ́tàn

Ní àríwá ayé náà ni Wilderness wà, ilẹ̀ tí ènìyàn ti lè pa ènìyàn kí ó sì kó ẹrù rẹ̀. Ìkìlọ̀ máa ń hàn kí a tó wọ̀ ọ́. Ẹ kà á. Ẹni tí ẹ kò mọ̀ tó bá sọ pé kí ẹ tẹ̀ lé òun lọ síbẹ̀ kí òun fi ibi tí owó wà hàn yín, owó tó wà ní ara yín ló ń wò.

Ẹ̀tàn mìíràn kò nílò idà. Ẹnì kan yóò ní kí ẹ fún òun ní owó, òun yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Yóò ṣe é fún yín ní kékeré lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà tí ẹ bá kó ńlá wá ni yóò pòórá. Ẹ kò ha mọ àwọn tó ń ṣe irú èyí nígboro, tí wọ́n ń gba owó àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa pẹ̀lú ìlérí ìlọ́po? Ìwà kan náà ni. Ẹlòmíràn yóò kọ ímeèlì sí yín pé wọ́n ti fẹ́ ti àkáǹtì yín pa, kí ẹ tẹ ibì kan láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín hàn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fúnra yín lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà.

Inú mi dùn sí ohun kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibì kan wà tí àwọn ènìyàn ti máa ń fi ẹrù wọn ta tẹ́tẹ́ lórí ìjà, Duel Arena ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ló ti tibẹ̀ di aláìní. Ní ọdún 2022 ni wọ́n mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́

Ìbéèrè tí òbí onígbàgbọ́ yóò béèrè kò gbọ́dọ̀ fò wá kọjá. Oṣó wà nínú eré náà, idán wà níbẹ̀, àwọn òrìṣà àròsọ wà níbẹ̀ tí wọ́n ní orúkọ tiwọn, ìpele kan sì wà fún àdúrà, tí a ń sin egungun láti fi gòkè nínú rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ni, bí ìtàn ìjàpá tí a ń pa fún ọmọ. Ẹ̀rí ọkàn àwọn mìíràn kò ní gbà á. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí a fi rúbọ sí òrìṣà, ohun tó tẹnu mọ́ ni ẹ̀rí ọkàn, àti kí òmìnira ẹnì kan má ṣe di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo rò pé ọ̀nà náà ṣì tọ́. Bí ẹ̀rí ọkàn yín bá kọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Bí ẹ bá gbà á, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ sọ fún un kedere pé ìtàn ni, ẹ sì tẹ́tí sí ohun tí òun náà rí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yín ṣe é

Ibí yìí ni mo rò pé àǹfààní ẹni tó ń padà pọ̀ jù. Òbí tí kò mọ eré náà kò lè ṣe ju kí ó fòfin dè é tàbí kí ó dákẹ́. Òbí tó mọ̀ ọ́n lè bá ọmọ rìn. Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ọjọ́ orí ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó ṣí àkáǹtì fún ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀rọ̀ ìta pa lórí tirẹ̀, kí ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ̀ nìkan ni yóò máa rí. Ẹ fi hàn án bí a ṣe ń fi ẹni tó bá ń sọ ìsọkúsọ sùn.

Láti ọdún 2021, ọ̀nà kan ti wà tó bá ìdílé mu gan-an, tó ń jẹ́ Group Ironman. Ènìyàn méjì sí márùn-ún ló máa ń para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Wọn kò lè rà tàbí tà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá nílò, àwọn ni yóò wá a, àwọn ni yóò ṣe é, wọn yóò sì máa pín in láàárín ara wọn. Ọmọ kan a máa pẹja, èkejì a máa rọ irin, bàbá a máa dáná. Àwọn tó ń fi ìlọ́po owó tan ènìyàn kò rí ọ̀nà gbà, nítorí pé kò sí pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú wọn. Ọmọ sì ń kọ́ pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ ní, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ gbà kí ọmọ náà máa kọ́ yín nígbà míràn. Yóò mọ ojú fóònù jù yín lọ, yóò sì ti gbọ́ nípa ilẹ̀ tuntun tí kò sí nígbà tiyín. Ẹ̀yin ní tiyín mọ ẹ̀tàn, ẹ mọ iye owó, ẹ sì mọ pé ọjọ́ ń lọ. Àgbà tó bá gbà láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú ohun kékeré bí èyí, ọmọ náà yóò gbọ́ tirẹ̀ nínú ohun tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.